Ìwé Inú Kókó Aṣọ

Láti aago méje ni Tuda àti ìyá bàbá rẹ̀, Ijja, ti jókòó sílé ìwòsàn ojú ní Kasabulánkà. Odindi ọjọ́ kan ni ìyá fi wọkọ̀ wá láti orí òkè Sus. Kò gbọ́ Lárúbáwá tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ rárá, Tashelhit, èdè àwọn ará òkè wọn, nìkan ló mọ̀.

"Tuda, wọ́n ti pè wá?"

"Wọn ò tíì pè wá, Ìyá àgbà."

Bẹ́ẹ̀ ni Siham, ọmọ kíláàsì Tuda, mú màmá rẹ̀ wọlé, ó sì jókòó ti Tuda. Siham yìí ló máa ń pe àwọn ọmọ Sus ní "ará òkè, olóòórùn òróró." Kò mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ni Tuda, torí Hind ni Tuda ń jẹ́ nílé ìwé.

Nọ́ọ̀sì yọjú. "Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ mú ìwé yín wá sí fèrèsé! A ti fẹ́ tì í o!"

Inú kókó aṣọ ìyá ni ìwé wà, láyà rẹ̀, bí àwọn obìnrin òkè ti ń ṣe. Ọwọ́ ẹlòmíràn kì í tú u.

"Kí ló wí, ọmọ mi?"

Tuda wolẹ̀.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o."

Siham rẹ́rìn-ín. "Hind, arúgbó yìí dojú kọ ẹ́ gan-an. Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?"

"Níbo? Mi ò tiẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ."

Ojú ìyá ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n ó mọ̀ nígbà tí ejìká ọmọ náà kúrò lára tirẹ̀.

Ìgbà tí Siham àti màmá rẹ̀ wọlé lọ bá dókítà ni Tuda tó sáré débi fèrèsé. Wọ́n ti tì í.

"Ó di oṣù mẹ́ta," ni ọkùnrin inú ibẹ̀ wí. "Níbo lẹ wà nígbà tá à ń pariwo?"

Tuda padà sọ́dọ̀ ìyá, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, ó fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀, ó ń sunkún.

"Mi ò bínú," ni Ijja wí. "Ó rẹ̀ mí ni. Ìrìn àná ò rẹ̀ mí tó báyìí. Mo ní kí n rí ojú rẹ kí n tó kú, torí ohùn rẹ nìkan ni mo mọ̀. Òun náà lo tún gbà lọ́wọ́ mi."

Siham jáde. Tuda ò wolẹ̀ mọ́. Ó fi Tashelhit sọ ọ́ ketekete pé, "Ìyá àgbà, ẹ dìde, ká máa lọlé."

"Hind?"

"Tuda ni mò ń jẹ́. Ìyá bàbá mi nìyí."

Ijja táràrà wá ejìká ọmọ náà, ó gbára lé e.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá fi èdè ìyá rẹ̀ pamọ́ torí ẹgbẹ́, ìyá rẹ̀ gan-an ló fi pamọ́. Bó bá sì padà mú un jáde, wọ́n lè ti ti fèrèsé.