Abẹ́rẹ́ Orúnkún

Lọ́jọ́ tí ọkùnrin tó ń tún máṣìn ṣe kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó yẹ máṣìn náà wò tinú-tẹ̀yìn, ó ní:

"Àǹtí, máṣìn yìí ò ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ yín ni ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Aránṣọ yára fa síkẹ́ẹ̀tì bo orúnkún rẹ̀ tó wú. Ọdún kẹfà rèé tí làkúrègbé ti ń bá a fínra. Gbogbo oògùn tó ń lò, wíwú náà á lọ, á tún padà. Kò sẹ́ni tó tètè rí i báyìí rí. Ojú tì í, síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn.

Láti ọjọ́ náà, máṣìn tí ò bàjẹ́ di èyí tí wọ́n ń tún ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò pẹ́, "Àǹtí" di "olólùfẹ́ mi".

Nígbà tó yá, dókítà sọ fún un pé oògùn kan wà tó ní ìtànṣán, ìyẹn radiation, nínú. Inú orúnkún gan-an ni wọ́n ń gún un sí, kó lè pa awọ inú oríkèé tó ń wú. Aránṣọ yọ̀. Àmọ́ ìyá ọkùnrin náà fárígá.

"Iná ni wọ́n fẹ́ kì sí i lára! Níbo lọmọ-ọmọ mi á gbà wá? Wá ẹlòmíì fẹ́."

"Màámi, òun lọkàn mi yàn."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí aránṣọ. Ó sunkún títí, ó ní kí olólùfẹ́ òun máa lọ: "Ìyá kan ṣoṣo lo ní. Mi ò ní dá ìjà sílẹ̀ láàárín yín."

Ọkùnrin náà ò lọ. Ṣe ló mú ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

"Ṣé ọmọbìnrin yìí ṣì lè bímọ?" Ìyá ò fi bọpobọyọ̀.

"Màmá, inú orúnkún loògùn náà ń jókòó sí, agbára rẹ̀ á sì máa dínkù lójoojúmọ́. Kó ṣáà má lóyún fún oṣù mẹ́rin. Àmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, a máa di ẹsẹ̀ náà mọ́ pákó, kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́."

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ta ló ń bá a gbé?"

"Òun nìkan ni."

Lọ́jọ́ tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ náà, ìyá ti gbé báàgì aṣọ rẹ̀ dé yàrá aránṣọ. Òun ló ń bù ú lómi, òun ló ń to ìrọ̀rí sí i lábẹ́ ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ́nu bọ̀rọ̀.

"Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Ọkọ ẹ nìkan ló kù. Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi sọ̀sọkúsọ."

Aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó ti tán, màámi."

Wíwú náà lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù òwúrọ̀ ṣì máa ń dùn ún níbẹ̀. Lóṣù kẹfà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, wọ́n lọ ṣègbéyàwó ní kóòtù. Akọ̀wé béèrè ẹlẹ́rìí ìyàwó. Ìyá ọkọ ló dìde.

"Màmá, ṣé kì í ṣe ìyá ọkọ ni yín ni?"

"Kí ọkọ wá ẹlẹ́rìí tiẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ni mo bá wá."