Ohun Tó Kù Lára Dalila

"Àǹtí Raoudha, ṣé inú fìríjì ni wọ́n tì yín mọ́ ni?" Skander ń pariwo lórí fóònù. "Bàbá ní ẹja oníyọ̀ ti fẹ́ tán lọ́jà o. Ọ̀la lọdún!"

"Wá bá mi ṣiṣẹ́ kí n lọ ra ẹja, ọ̀lẹ," ni Raoudha dá àbúrò rẹ̀ lóhùn láti yàrá ìwádìí ní yunifásítì. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Ní ìlú Sfax tiwa yìí, ẹni tí kò bá jẹ ẹja oníyọ̀ àti ṣamúlà láàárọ̀ Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ kò tíì ṣọdún. Àlùbọ́sà àti àjàrà gbígbẹ la fi ń se ọbẹ̀ ṣamúlà, a ó sì máa rò ó lórí iná kékeré títí ọwọ́ á fi máa roni. Dalila, ìyá wọn, ló máa ń sè é. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa á lọ́dún tó kọjá. Ọdún àkọ́kọ́ tí wọn yóò ṣe láìsí i nìyí, Raoudha sì ti ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ pé ìkòkò Màmá kò ní ṣófo.

Kí Dalila tó kú, ó gbà kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Selma, olùkọ́ Raoudha ní yunifásítì, mú díẹ̀ lára kókó inú ọmú rẹ̀ fún ìwádìí. "Ẹ mú un," ló wí. "Ó ti jẹ gbogbo ara mi. Ẹ jẹ́ kóun náà ṣiṣẹ́ díẹ̀." Ọ̀pọ̀ ọdún ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń wá oògùn irú jẹjẹrẹ yìí, tí kò rí i. Àfi ìgbà tó dán oògùn tuntun kan wò lára àwọn sẹ́ẹ̀lì Dalila, ìyẹn àwọn ẹyọ ara tíntìntín tó ń mú jẹjẹrẹ náà dàgbà. Oògùn náà pa wọ́n. Lẹ́yìn Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ yìí, wọn yóò tún ìdánwò náà ṣe, kí ayé lè gbà á gbọ́.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kù, tí kò sí irú wọn níbòmíràn, wà nínú àgbá kan tí naitirojin olómi, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí wọ́n sọ di omi, mú tutù ju yìnyín lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni naitirojin yìí máa ń gbẹ. Bó bá gbẹ tán, ohun gbogbo inú àgbá ti kú nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti lọ bá ìyá rẹ̀ ṣọdún ní Tunis, ó sì fi iṣẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún Raoudha: kó rọ naitirojin kún àgbá náà kó tó ti ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó ń kó naitirojin bọ̀ kò tètè dé. "Ọmọ mi, ó di ẹ̀yìn ìṣínu o," ló wí lórí fóònù. "Ààwẹ̀ ń gbẹ èmi náà lẹ́nu."

Ọjà yóò sì ti tú kó tó di ìṣínu. Raoudha yọjú wo inú àgbá. Èéfín funfun ṣì ń rú níbẹ̀. "Á tó títí ọdún á fi parí," ló sọ fún ara rẹ̀. Kò dúró de awakọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sáré lọ sọ́jà.

Ó wà lórí ìlà níwájú ẹlẹ́ja nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n pè é. "Raoudha, ọmọ mi, ṣé o ti rọ ọ́?"

Ojú tì í láti sọ òótọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá. Mo ti rọ ọ́."

"Ọlọ́run á bù kún ọ. Ẹ fi ṣamúlà tèmi pamọ́ o!"

Láàárọ̀ ọdún, bàbá wọn tọ́ ṣamúlà náà wò, ó sì bú sẹ́kún. "Ọwọ́ ìyá rẹ gan-an nìyí," ló wí. Inú Raoudha dùn dé ibi pé kò rántí àgbá mọ́.

Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí àgbá, kò sí èéfín kankan. Àwọn ìgò kéékèèké inú rẹ̀ kò tutù lọ́wọ́. Ó gbìyànjú láti jí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, ó fi awò asọhun-kékeré-di-ńlá wò wọ́n títí. Òkú ni gbogbo wọn.

"Ọ̀gá, mi ò rọ ọ́," ni Raoudha wí, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Mo lọ ra ẹja."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò pariwo. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi lọ́jọ́ náà? Aṣọ́nà ní kọ́kọ́rọ́. Ǹ bá ní kó dúró de awakọ̀. Raoudha, ǹ bá tiẹ̀ wọ ọkọ̀ padà wá fúnra mi." Ó káwọ́ lérí, ó ń sunkún.

Nílé, bàbá rẹ̀ ń gbé ìyókù ṣamúlà kaná. Raoudha sọ fún un pé ohun tó kù lára Màmá ti kú, àti pé òun ló fà á. Bàbá jókòó.

"Ìyá rẹ bi mí léèrè lórí ibùsùn àìsàn bóyá wọn ó tọ́jú kókó náà dáadáa," ló wí. "Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, tó fẹ́ kí ilé wọn ṣọdún, kò ṣe ohun ìtìjú. Irọ́ tó pa lórí ìlà ẹlẹ́ja ló ba iṣẹ́ jẹ́. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìṣe, ẹ sọ ọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà, bí ojú tilẹ̀ ń tì yín. Oògùn náà ṣì wà nínú ìgò lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Selma, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìkòkò Dalila wà lórí pẹpẹ. Láti ọdún náà, Raoudha kò gbé e kaná mọ́.