Ohùn Fìtílà Amọ̀

"Malti, ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra o. Àbí eérú lo fẹ́ máa ṣọ́ títí ọdún Dìwálì yóò fi parí?" Phulwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀.

Malti wo òkìtì eérú tó bo àwọn fìtílà amọ̀ tí wọ́n sun láàárọ̀. Kí ìyá àgbà tó lọ sódò ló ti kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ tú u títí yóò fi tutù débi tí èèyàn lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ìyá àgbà ní. Ṣùgbọ́n ọjà ọdún kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí Malti bá ti kó fìtílà jáde, iṣẹ́ parí nìyẹn, ó lè máa lọ. Ó mú igi, ó tú eérú náà.

Afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ lu àwọn fìtílà gbígbóná. Tá. Ó tún dún, tá, tá, bí ìgbà tí gúgúrú ń ta. Malti sáré da eérú bò ó padà. Kò tilẹ̀ rántí ọjà mọ́.

Nígbà tí wọ́n kó àwọn fìtílà jáde lọ́jọ́ kejì, ojú kò rí ohun tó ṣe wọ́n. Ìyá àgbà gbé agbọ̀n síwájú Malti. Ní ìdílé àwọn amọ̀kòkò yìí, fìtílà kan kì í jáde nílé láìjẹ́ pé wọ́n fi ìka kàn án. Èyí tó dára a máa ró gooro. Èyí tó ti sán a máa dún kọ̀.

"Kàn án fún mi, ọmọ mi. Etí tèmi kò gbọ́ dáadáa mọ́, tìrẹ ni mo fi ń gbọ́ràn."

Malti kan àkọ́kọ́. Kọ̀. Ó kan èkejì. Kọ̀.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń dún?"

"Wọ́n dára, ìyá àgbà."

Ẹ̀rù ló bà á, ojú sì tún ń tì í. Kò pẹ́ tí àwọn aládùúgbò wá kó fìtílà lọ tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú lọ́jọ́ ọdún, wọ́n tan fìtílà sí gbogbo ojú fèrèsé. Ìyá àgbà jókòó síta, àwọn ọmọdé yí i ká.

"Ọdún mẹ́rìnlá ni ọmọ ọba Rámà fi wà nínú igbó," ó ní. "Lálẹ́ tó ń padà bọ̀, kò sí òṣùpá. Àwọn ará Ayódíyà, ìlú rẹ̀, bá tanná sójú ọ̀nà kó má baà ṣìnà. Ẹni tó ń bọ̀ kò mọ ẹni tó tanná o. Ó kàn gbẹ́kẹ̀ lé e ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Malti lọ́kàn. Fèrèsé ìyá Bansi, aládùúgbò tó ń gbé níwájú ilé wọn, ló ń wò. Òróró ti ń jò lára fìtílà, ó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ lọ sídìí aṣọ fèrèsé. Abẹ́ fèrèsé yẹn ni ọmọ ọwọ́ ìyá Bansi ń sùn sí. Bóyá òróró náà á gbẹ. Bóyá kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Malti dìde.

"Ìyá àgbà, irọ́ ni mo pa. Mo tú eérú kó tó tutù. Gbogbo fìtílà yẹn ló ti sán."

Kò tíì pa ẹnu dé tí iná fi ran aṣọ fèrèsé. Malti sáré wọ ilé ìyá Bansi, ó fi ọwọ́ lásán já aṣọ náà lulẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyá Bansi gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Bó bá jóná ńkọ́, Malti?"

Àwọn aládùúgbò ń ti ilé dé ilé pa fìtílà, títí òkùnkùn fi bo àdúgbò àwọn amọ̀kòkò, lálẹ́ ọdún ìmọ́lẹ̀ gan-an. Kò sẹ́ni tó nà án. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Ìyá àgbà bu ìyẹ̀fun àlìkámà sínú abọ́, ó da omi sí i. "Pò ó. Nígbà tí kò bá sí amọ̀, ìyẹ̀fun la fi ń mọ fìtílà."

Malti fi ìka tí iná ti bó pò ó, ó mọ wọ́n, ó sì ń gbé wọn lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, ó sọ ohun tó ṣe. Ilé ìyá Bansi ló dé gbẹ̀yìn.

"Gbé e síbí," ìyá Bansi ní, "níbi tí ojú mi á ti tó o."

Irọ́ kò yàtọ̀ sí fìtílà tó ti sán. Ó lè rẹwà lójú fèrèsé, àmọ́ ọjọ́ tí a bá da òróró sí i ni àṣírí yóò tú, ó sì lè jẹ́ ilé ẹlòmíràn ni yóò jó.

Nígbà tí ọdún tún yí po, ìyá àgbà gbé agbọ̀n síwájú Malti. "Kàn án fún mi."

Malti kàn án, ó dẹtí sí i dáadáa.

"Èyí ti sán, ìyá àgbà. Ẹ yọ ọ́ kúrò."