Kì í Ṣe Rumui!

Rwmwi ni orúkọ ọmọ náà. Abúlé kan lẹ́bàá odò Manas ni ilé wọn wà.

Ẹ má pè é ní Rumui o! Ẹ ya ẹnu bí ẹni ń rẹ́rìn-ín. Ẹ fi eyín hàn. Ó yá, ẹ pe "u". Ohùn yẹn ló wà nínú orúkọ rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Rwmwi.

Ní ọjọ́ Ajé, tíṣà tuntun kan tó ti ìlú mìíràn wá ń pe orúkọ ní kíláàsì.

"Rumui!"

Rwmwi ká apá mọ́ àyà.

"Rumui dà?"

"Kì í ṣe Rumui! Rwmwi ni!"

"Ohun tí mo sọ náà nìyẹn. Rumui."

Kè-kè-kè! Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Rumui! Rumui!"

Inú bí Rwmwi. Ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Gbì!

Ó rìn délé. Gbì, gbì, gbì. Ó ti ilẹ̀kùn. Gbàà!

Ìyá Àgbà ń hun aṣọ. Ta-ka, ta-ka, ta-ka. "Kí ni ilẹ̀kùn ṣe fún ọ?"

"Wọ́n ba orúkọ mi jẹ́!"

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má ba ilẹ̀kùn wa jẹ́ ní tìẹ. Ìyàwó tuntun ń bọ̀ lónìí."

Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Sansuma, àbúrò bàbá Rwmwi, ni. Eulis ni orúkọ ìyàwó náà. Ọmọ ilẹ̀ Sunda ni, láti òdìkejì òkun.

"Òun náà á ba orúkọ mi jẹ́!" ni Rwmwi wí. Ló bá wọ abẹ́ ibùsùn lọ.

Ìyàwó dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yọjú sí abẹ́ ibùsùn.

"Rwmwi?"

Rwmwi la ojú sílẹ̀. "Ẹ tún un pè."

"Rwmwi."

Ó pè é geerege!

Kàkà kí inú Rwmwi dùn, ńṣe ló tún ru. Ó jáde fìà. "Ta ló kọ́ yín? Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin ni!"

"Èmi kọ́ o," ni Bọ̀ọ̀dá Sansuma wí. "Mo kọ́ Eulis ní èdè wa, láti orí ‘ẹ káàárọ̀’ dé ‘ẹ ṣeun’. Orúkọ rẹ, ó kàn pè é ni."

"Àbí èdè kan náà ni èdè wa àti tiwọn?"

"Bi í wò."

Rwmwi na ìka sí omi. "Dwi!"

"Cai," ni Eulis wí.

"Kò jọra!" Gbì!

Ó na ìka sí ẹja. "Na!"

"Lauk."

"Kò jọra!" Gbì!

Ó na ìka kan ṣoṣo sókè. "Se!"

"Hiji."

"Kò jọra rárá!" Gbì! Gbì!

Kúrrrrr.

Kí nìyẹn? Ikùn Rwmwi ni. Ebi ń pa á.

"Udwi mi ni," ló wí, ó dijú mọ́rí.

Eulis fọwọ́ pa ikùn tirẹ̀. "Beuteung," ló wí.

Rwmwi tẹ́tí. Ó sún mọ́ ọn. "Ẹ tún un pè."

"Beu-teung."

Ẹnu yà bí ẹ̀rín. Eyín hàn.

"Ohùn mi nìyẹn!" ni Rwmwi kígbe. "Níbo lẹ ti rí i?"

"Ohùn tèmi náà ni. Ó wà nínú orúkọ mi. Eu-lis. Àwọn kan ń pè mí ní Ulis. Àwọn kan ní Elis."

"Inú ò bí yín?"

"Ó ń bí mi. Mo kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni."

"Ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́!"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Rwmwi fa ìyàwó lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwé. Kó-kó-kó!

"Tíṣà, ìyàwó wa nìyí. Àǹtí Eulis."

"Ẹ káàárọ̀, Ìyáàfin Ulis."

Eulis rẹ́rìn-ín. Rwmwi ò rẹ́rìn-ín.

Gbì! "Eulis ni! Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, ẹ ò pè é dáadáa. Ẹ ò pe tèmi náà dáadáa. Ẹ ya ẹnu!"

Gbogbo kíláàsì yíjú sí tíṣà.

Tíṣà họ orí. Ó ya ẹnu. "U..."

"Ètè yín ń ká jọ!"

"Wu..."

"Ẹ fi eyín hàn!"

Tíṣà fi eyín hàn. Gbogbo eyín. "Rw... mwi. Eu... lis."

"Yééé!" ni gbogbo kíláàsì pariwo.

Tíṣà jókòó. "Ó ku ẹnì kan tí inú ń bí," ló wí.

"Ta ni?"

"Èmi ni. Láti ìgbà tí mo ti dé, Bargab lẹ ń pè mí. Bhargab ni mo ń jẹ́." Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu. "Bh! Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ kan ọwọ́."

Rwmwi gbé ọwọ́ síwájú ẹnu. "Ba." Kò sí atẹ́gùn.

Eulis gbìyànjú. "Ba." Kò sí atẹ́gùn.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Ẹ dúró," ni Rwmwi wí. Ó fa èémí sínú. Ó fà á, ó fà á, ó fà á.

"BHAAAAA!"

Eruku ẹfun ojú pátákó fò sókè. Ó bo ìwé. Ó bo tábìlì. Jígí ojú tíṣà funfun báláú.

Ẹ̀rín gba kíláàsì kan. Rwmwi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Tíṣà bọ́ jígí rẹ̀, ó ń nù ún. "Èyí ti pọ̀ jù díẹ̀," ló wí. "Àmọ́ orúkọ mi nìyẹn."