Àpótí Ọpẹ́ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Lará

Lará ọmọ mi ò fẹ́ràn ẹ̀wà rí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó jẹ abọ́ méjì, ó tún ní kí n bu sí i. Ọwọ́ òsì ló fi mú ṣíbí. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì wa ní Ìkòsì, mo ń wò ó. Ọpẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń jẹ ẹ̀wà, òun ló ń lo ọwọ́ òsì. A sì ti sin Ọpẹ́ láti oṣù kẹta.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe, kí ẹ tó bú mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya àwòrán ètò àkọsílẹ̀ fáwọn iléeṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Nǹkan kọ̀ọ̀kan ló ní àpótí tirẹ̀, a ó kọ gbogbo bó ṣe jẹ́ sínú rẹ̀, a ó wá fi ìlà so àwọn tó bá tan mọ́ra. Nígbà tí ìbànújẹ́ fẹ́ pa mí, mo ya ti ilé wa. Mo ṣe àpótí tèmi àti ti Lará, mo fi ìlà so wọ́n, mo kọ́pì ti Lará tòun ti ìlà rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo wá yí ohun inú rẹ̀ sí ti Ọpẹ́. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó yá ju kéèyàn tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà lẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan á dá dúró. Èkejì á so mọ́ èyí tá a kọ́pì, ohun tá a bá yí padà nínú ọ̀kan á yí nínú méjèèjì. Èyí tó so mọ́ra ni mo yàn láìmọ̀.

Ọjọ́ ẹ̀wà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ohun tí mo kọ fún Ọpẹ́ ti wọnú àpótí Lará, ọmọ náà fúnra rẹ̀ sì ń yí tẹ̀lé e, mo sì dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́, torí tí mo bá ń dirun fún Lará, orin Ọpẹ́ ló máa ń kùn lábẹ́lẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. Ọlọ́run dárí jì mí, ó dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan, Akínbíyì ọkọ mi pe Lará lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn. Ó pe Ọpẹ́, ọmọ náà ní, "Sà." Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún un. Kò pariwo.

"Ò ń ṣọ̀fọ̀ èyí tó kú," ó ní. "Ta ló máa ṣọ̀fọ̀ Lará?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo ṣí àwòrán náà. Mo bẹ Ọpẹ́ kó má bínú, mo pa àpótí rẹ̀ rẹ́. Kọ̀ǹpútà bi mí ní ìbéèrè gígùn kan. Omijé ti bo ojú mi, mo tẹ "Yes" bá a ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ láìkà á. Lẹ́yìn náà ni mo dá ti Lará padà sí bó ṣe wà. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ìlà tó so àpótí tèmi mọ́ tirẹ̀ ti bá ti Ọpẹ́ lọ; ohun tí ìbéèrè yẹn ń bi mí nìyẹn. Mo yà á, ó parẹ́. Mo tún yà á, ó tún parẹ́.

Akínbíyì lọ mú un wá láti iléèwé. Mo gbóhùn rẹ̀ ní géètì, ohùn Lará gan-an, ó ń bá bàbá rẹ̀ jà pé òun ò ní jẹ ẹ̀wà lónìí. Mo sáré jáde, mo na ọwọ́ sí i.

Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, bá a ṣe kọ́ ọ láti máa kí àlejò. Ó wá fara pa mọ́ sẹ́yìn bàbá rẹ̀.

"Daddy," ó rọra bi í, "kí ló ń pa aunty yìí lẹ́kún?"