Ọ̀rọ̀ Mẹ́tàlá Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Mi ò mutí lọ́jọ́ náà. Tíì ni mo mu, kò tiẹ̀ ní ṣúgà nínú, torí dókítà. Ohun tí mo fojú mi rí ni mò ń sọ. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbọ́ ìwé kíkà lẹ́nu àwọn ọmọ, nílé-ìwé kékeré kan létí òkun, níbi tí ilẹ̀ New Zealand ti tán. Ọmọ á máa kàwé, èmi á máa fàmì sórí bébà: ọ̀rọ̀ kan, àmì kan. Ojú mi á wà lára ìwé ọmọ, ọwọ́ mi á wà lára bébà. Mi ò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́. Ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń ṣe é nìyẹn.

Tiaho, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló jókòó tì mí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọdọọdún ni bàbá àgbà rẹ̀ máa ń kó ìdílé wọn lọ sí erékùṣù lọ pa ẹyẹ òkun, ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko. Kò sẹ́ni tó mọ ìyẹ́ ẹyẹ í tu tó o. Ìwé ni kò mọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ka ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ní orí mẹ́wàá, bíi tàwọn àgbà. Òun ṣì wà lórí ìwé ológbò tó sùn sórí ẹní. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣèdánwò láti bá wọn dọ́gba, tó sì kùnà. Èyí ni ìkẹyìn lọ́dún náà.

"Ànti Huia, tí mo bá tún fìdí rẹmi ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé wàá mọ ológbò yẹn dáadáa nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé.

Ìwé Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Bẹ́sì ni, ọmọbìnrin kan tí ewúrẹ́ ń bá wádìí ọ̀ràn. Wọ́n jí agogo ilé-ìwé. Orí kẹrin ló máa kà. Ọ̀rọ̀ 104 ni, wọ́n tẹ iye rẹ̀ sórí bébà mi.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ìka rẹ̀ ń tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń lu fèrèsé, bó ṣe máa ń lù ú lójoojúmọ́. Bẹ́sì wọ inú ilé tí wọ́n ń kó ọkọ̀ ojú omi sí. Ó rí ipasẹ̀ kan nílẹ̀. Ipasẹ̀ náà ṣì tutù.

Afẹ́fẹ́ dákẹ́.

Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àfi ohùn ọmọ náà. Ó ti ń ṣàn bí omi.

"Bẹ́sì gbójú sókè. Ó ní, ‘Rọra. Ẹni tó jí i ṣì wà níbí.’"

Mo ń fàmì. Mo rí àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ìka rẹ̀ wà lábẹ́ wọn.

Afẹ́fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Mo ka àmì mi: 117. Mo tún un kà. Mo wo ìwé. Ó parí síbi ipasẹ̀ tó tutù. Lábẹ́ ẹ̀, àwòrán ewúrẹ́ ni.

Mo pe Pauline, ọ̀gá wa, mo fi àmì mi hàn án. Èmi náà ni mo gbọ́ ìwé lẹ́nu ẹ̀ nígbà tó ṣì ń fọn ikun sí ọwọ́ aṣọ.

"Ànti Huia, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ọmọ yìí. Àmọ́ ẹ ò lè máa bu èènì fún un bí oníyọ̀."

"Ìwọ náà jókòó, kó o gbọ́ ọ."

"Tí kò bá pé, kò yege o."

Tiaho wò mí. Omi ti lé sójú ẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Bíró Pauline ń lọ: ọ̀rọ̀ kan, àmì kan. Ilé ọkọ̀. Ipasẹ̀. Afẹ́fẹ́ dákẹ́.

Bíró náà ò dúró. Mo rí i. Ó fàmì sí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá náà. Tiaho la ẹnu láti máa bá a lọ, ni Pauline bá pa ìwé dé gbàà.

"Ó tó. Ó ti yege."

Kò ka àmì ẹ̀. Ó bu ọwọ́ lùwé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Tiaho fò sókè. Ó gbá ìwé mọ́yà.

"Kí ló kù níbẹ̀?" mo bi í.

"Bẹ́sì ní kí n má sọ fún yín."

Ló bá sáré bọ́ síta, ó ń pariwo pe àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Inú ẹ̀ dùn débi pé kò rántí ti ilẹ̀kùn. Inú tèmi náà dùn, mi ò ní purọ́. Mo dìde láti tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Pauline wí.

Abẹ́ tábìlì ló ń wò. Ipasẹ̀ kan wà níbẹ̀, ó ṣì tutù.