Ìbòjú Ọba Tí Kò Dún

Ìbòjú náà kò dún. Ohun tí Ìyá Alákìísà kọ́kọ́ ṣàkíyèsí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé nìyẹn. Ọdún méjìdínlógún ló ti ń nu eruku ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Bó bá ti da ìbòjú ọba, èyí tí wọ́n fi igi gbẹ́ láti bo gbogbo orí, dojú bolẹ̀ láti nu inú rẹ̀, igi kan a máa yọ̀ nínú ẹ̀, á dún kó. Lọ́jọ́ yìí ó dà á dojú bolẹ̀, ó mì í, ó gbétí sí i. Ìbòjú dákẹ́ bí ọmọ tó fọ́ àwo.

Ó sáré lọ sọ fún Ọ̀gá pé wọ́n ti fi ayédèrú pààrọ̀ ìbòjú ọba. Ẹ wá wo ayé! Ẹni tó figbe ta ni wọ́n mú. Yàtọ̀ sí Ọ̀gá, òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ àpótí onígíláàsì náà. Ọ̀gá kó ọwọ́ sápò, ó ní bí ìbòjú kò bá délé kí agogo méjì ọ̀sán tó lù, àtìmọ́lé ni yóò sùn, kó sì gbàgbé owó ìfẹ̀yìntì tó ku oṣù méjì kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Ìyá tó tó bí i lọ́mọ ló ń sọ ọ́ sí o.

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo wọn ń pè ní Ọ̀mọ̀wé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń wá síbẹ̀, ó lóun ń kọ̀wé lórí ìbòjú náà. Ẹnu ẹ̀ dùn, táì kì í sì í kúrò lọ́rùn ẹ̀. Òun ló ṣàlàyé fún wọn pé ẹnu ìbòjú pa dé pinpin nítorí ọba kì í sọ gbogbo ohun tó bá mọ̀, pé etí òsì tóbi ju tọ̀tún lọ nítorí ẹjọ́ tálákà lọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́. Lọ́jọ́ Ajé yìí, Ọ̀mọ̀wé kò yọjú. Ó ránṣẹ́ pé ṣegede ń ṣe òun.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó wá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbóòórùn ayédèrú náà, ọ̀dà ń rùn lára ẹ̀. Ó yẹ inú ẹ̀ wò, ó rí ìràwọ̀ kékeré kan tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà.

"Àmì ta nìyí?"

Ìyá Alákìísà ní irú ẹ̀ wà lábẹ́ gbogbo àga tó wà nílé náà, àmì gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ni. Ta ni ìbá mọ̀, bí kò ṣe ẹni tó ń nu abẹ́ àga?

Nígbà tí òun, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ọlọ́pàá méjì débẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ti gbé ayùn sókè. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù jókòó níwájú ẹ̀, ó fi aṣọ ibùsùn wé orí, orí náà sì tó odó.

"Kí ló ń ṣe ẹni yìí?" ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bi í.

"Ṣegede," ni ohùn kan dáhùn lábẹ́ aṣọ.

"Ṣegede wo ló ń gbé èèyàn wá sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà?"

Ọkùnrin náà bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó sá gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ó fo pákó méjì, ó kù díẹ̀ kó bọ́ síta. Àtẹ́rígbà ló dá a dúró. Orí ẹ̀ gbá a, ó dún bí igi tó gbá igi, aṣọ sì já bọ́. Ìbòjú ọba rèé, ẹnu pinpin, etí òsì gbẹ̀ǹgbẹ̀, táì Ọ̀mọ̀wé lábẹ́ ẹ̀!

Gbẹ́nàgbẹ́nà búra pé eré ilé-ìwé ni wọ́n ní òun ń gbẹ́ ayédèrú fún, pé ọkùnrin náà ló wá bẹ òun láàárọ̀ pé kóun fi ayùn la ìbòjú kúrò lórí ẹ̀. Àṣé níwájú dígí ni Ọ̀mọ̀wé ti gbé e wọ̀ lánàá, ó fẹ́ mọ bóun ṣe máa rí bóun bá jọba. Ó fà á, kò bọ́. Ó fi ọṣẹ sí i, ó fi epo sí i, pàbó. Ẹnu ọba sì pa dé, kò rí nǹkan kan jẹ látàná. Ọlọ́pàá méjèèjì dì í mú, wọ́n fà á títí tó fi ń ké. Gbẹ́nàgbẹ́nà tún na ọwọ́ sí ayùn.

"Ẹ gbé e sílẹ̀," ni Ìyá Alákìísà wí. Ó ní igi kan wà nínú ẹ̀ tó ń já sẹ́yìn ọrùn bí orí bá wà lókè, kì í sì í padà àfi bí ojú bá kan ilẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ẹ láyé ọjọ́un mọ ohun tó ń ṣe: ọba tí kò bá tẹríba fáráàlú kò ní bọ́ nínú ẹ̀. "Ọ̀mọ̀wé, dojú bolẹ̀."

"Èmi? Níwájú agbálẹ̀?"

"Kábíyèsí, ẹ wà níbẹ̀ nígbà náà."

Ikùn Ọ̀mọ̀wé pariwo, gbogbo wọn gbọ́. Nígbà tó yá, ó kúnlẹ̀, ó gbé iwájú orí lé eruku pákó níwájú sálúbàtà ìyá náà.

Kó.

Ìbòjú bọ́. Ojú tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti wú bíi ti ẹni tí ṣegede ń ṣe lóòótọ́. Kí wọ́n tó bi í, ó ti ń jẹ́wọ́: ó ní nígbà tí ìyá lọ bu omi tutù fún òun lòun fi ọṣẹ tẹ àwòrán kọ́kọ́rọ́ àpótí tó fi sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á sì ń dúró ní èbúté. Wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó béèrè bóyá búrẹ́dì wà ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Agogo méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí ìbòjú padà sínú àpótí. Ara Ìyá Alákìísà wálẹ̀, inú ẹ̀ dùn débi pé omi lé sí i lójú. Ó nu ilẹ̀ ibẹ̀ dáadáa. Ọ̀gá wọlé, ọwọ́ ṣì wà lápò, ó ní àṣìṣe kékeré ni, kí ìyá má bínú.

Ìyá wò ó láti orí dé bàtà.

"Ọ̀gá," ó ní, "mi ò tíì gbọ́ kó."

Ọ̀gá yọ ọwọ́ lápò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, táì ẹ̀ sì tún ilẹ̀ náà nù lẹ́ẹ̀kejì.